Láti Ọ̀rọ̀-Àgọ́ dé Jamestown: Ìtàn Aṣọ́lé Kan Tí Kò Padà Wálé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ìrìn àjò yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya Ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára Ọ̀rọ̀-Àgọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni èyí tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wà. Ibẹ̀ ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí mi. Ọ̀rọ̀-Àgọ́ ní tirẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, láàárín àwọn òkè ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìgbómìnà, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣe tíṣà. Ìgbómìnà ni ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ mọ́tò Ọ̀rọ̀ nígbà tó ń bọ̀ wá kí wa ní Ọ̀rọ̀-Àgọ́, ilé onílé ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti ṣe àna mi kan bẹ́ẹ̀ rí.

Ìlú wa tutù ju Ìlọrin lọ. Ìkùukùu máa ń bo orí òkè láàárọ̀ débi pé àwọn ọmọ ilé ìwé á yọ sí ọ ní méjì-méjì bí ẹni tó ń ti inú òwú jáde. Kò sí ibi tó tẹ́jú púpọ̀. Pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ wa gan-an dà bí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́: apá kan ga, apá kejì rọ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní bákì gidi, nítorí bí bọ́ọ̀lù bá kọjá lára bákì, ó di inú oko ẹ̀gẹ́, wọn yóò sì máa wá a títí agogo yóò fi lù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi pé pápá wa kì í bí atamátàsé, bákì ló ń bí.

Ọ̀kan nínú àwọn bákì wọ̀nyí wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún 16. Kò ga púpọ̀, kò sì yára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó mọ̀. Lẹ́yìn ìdíje kan tí a lọ ṣe ní Òmù-Àrán, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì tọ bàbá rẹ̀ wá. Ó ní òun yóò mú ọmọ náà dé Yúróòpù. Ó ní owó ìwé ìrìnnà, owó físà àti owó àyẹ̀wò jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà. Bàbá ọmọ yìí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Oko kájú ni wọ́n ní, èyí tí bàbá tiwọn fi sílẹ̀ fún wọn, oníbàárà kan sì ti wà nílẹ̀ tó fẹ́ rà á. Wọ́n wá bá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n jókòó, wọ́n bọ́ fìlà sórí orúnkún, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Ṣé kí n ta oko yìí ni?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sí Accra kí n bọ̀ ná, nítorí ìrìn àjò náà ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé, ọ̀sẹ̀ kan péré ni n óò sì lò.

Kì í ṣe tìtorí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe ń lọ sí Gánà. Ìyá tó bí ìyá mi ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀; aṣọ àti àwo ni wọ́n ń tà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ka ìwé yìí, ẹ fojú inú wò ó: ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba gbèsè, láti ta ọjà, láti wá mọ́tò, láti dágbére. Ará Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣàré, Ìnísà àti Ìlọrin wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí orí wọn lè rù. Ìyá àgbà wa kò tún fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n àbúrò wọn ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Gánà, padà lọ nígbà tí ara ilẹ̀ balẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti dàgbà. Ìwé ilẹ̀ ẹbí kan ló nílò ọwọ́ wọn, òun ni wọ́n fi rán mi.

Mo kúrò ní Ọ̀rọ̀-Àgọ́ ní ìdájí, mo gba Òmù-Àrán àti Ìlọrin dé Èkó, mo sùn síbẹ̀. Láti Èkó dé Accra kò pé 500 kìlómítà, ó kéré sí ohun tí àwọn oníṣòwò wa ń rìn lọ sí Kánò. Ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ ni ààlà mẹ́ta tó wà lọ́nà: ti Sẹ̀mẹ̀, ti Hilakondji àti ti Aflao. Bí a bá dé ọ̀kan, gbogbo èrò á sọ̀kalẹ̀, ẹrù á sọ̀kalẹ̀, ìwé á jáde lápò, a ó sì tún padà wọ mọ́tò. Owó ń yí padà: náírà di sífáà, sífáà di sídì. Ní ìhà Pọ́tónóvò mo ṣì ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ará Nàgó tó wọ mọ́tò wa, lẹ́yìn Kútọnu ó di wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nígbà tí a sì dé Lomé, mo ti di odi. Ní Sogakope, níbi tí afárá odò Volta wà, àwọn obìnrin gbé búrẹ́dì àti ẹja wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí wọ́n dín sá tẹ̀lé mọ́tò wa. Mo ra ẹja náà. Ó dùn ju èyí tí a ń jẹ nílé lọ, kí àwọn ìyá wa má bínú.

Bàbá Gánà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n fọwọ́ síwèé náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìbéèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, iṣẹ́ tó gbé ọ wá ti parí. O ò wá ní dé Accra kí o má rí Jamestown."

Bí ẹ bá ti ń gbọ́ orúkọ Accra, Jamestown ni ọ̀kan nínú ibi tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà létí òkun. Ilé iná òkun kan ga níbẹ̀, wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun bí aṣọ olókùn. Lẹ́bàá rẹ̀ ni odi James Fort wà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọdún 1673, tí ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Kwame Nkrumah mọ́ ní 1950, ibẹ̀ ló sì wà tí ó fi wọlé ìbò ní 1951. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan kún gbogbo ojú ọ̀nà. Àwọn Gã ló ni ibẹ̀. Oúnjẹ wọn tí wọ́n ń pè ní kẹ́ńkè jọ ẹ̀kọ wa, àfi pé ó kan ju tiwa lọ, wọ́n sì ń fi ata lílọ̀ àti ẹja jẹ ẹ́.

Ohun tó mú mi dúró ni orúkọ adúgbò náà. Àwọn Gã ń pe Jamestown ní Ngleshie Alata. Ngleshie ni Gẹ̀ẹ́sì. Alata ni orúkọ tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti etíkun ìhà ọ̀dọ̀ wa nígbà tí wọ́n ń kọ́ odi yìí, orúkọ náà sì ti dọ̀dọ̀ Yorùbá oníṣòwò nígbà tó yá. Ọṣẹ dúdú wa gan-an, alata samina ni wọ́n ń pè é ní Gánà títí di òní. Àwọn òpìtàn ní láti ara ìlú Allada, tó wà ní Benin, ni orúkọ náà ti wá. Bàbá Gánà kò gbà. Wọ́n ní, "Ata tí àwọn ìyá wa ń tà ni. Alátà ni. Ta ni kò mọ alátà?" Mo jẹ́ kí bàbá borí.

Àdúgbò Alata yìí ni wọ́n ti bí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Arthur Wharton ni orúkọ rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1865 sì ni wọ́n bí i. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní England. Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn. Wọ́n mọ Azumah Nelson tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, wọ́n mọ gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù Chelsea. Ní ti Wharton, ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ẹgbẹ́ Hearts of Oak ló ń gbá fún. Wọ́n dá Hearts of Oak sílẹ̀ ní 1911, Wharton sì ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ náà. Àwọn ará England pàápàá ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, títí Phil Vasili fi kọ ìwé nípa rẹ̀ tó jáde ní 1998.

Bàbá Wharton, Henry Wharton, jẹ́ àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ará erékùṣù Grenada, ẹ̀jẹ̀ Skọ́tíláńdì sì wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ìdílé ọlọ́lá wá láàárín àwọn Fánté. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn dà ni oníwàásù àti olùkọ́. Lẹ́yìn 1880 ni ó lọ sí England láti kọ́ iṣẹ́ míṣọ́nnárì, ó sì dé Cleveland College ní ìlú Darlington. Àwa tí a wà ní agbègbè Ọ̀rọ̀-Àgọ́ mọ irú ètò yìí. Àwọn míṣọ́nnárì SIM ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ láàárín wa, láti ara wọn ni ìjọ ECWA ti jáde ní 1954, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣà àkọ́kọ́ tí àwọn òbí wa mọ̀ ló sì jẹ́ oníwàásù pẹ̀lú. Ẹni tó bá rán ọmọ lọ sí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń retí.

Ẹsẹ̀ Wharton ni kò jẹ́ kó jókòó ti ìwé. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1886, ní pápá Stamford Bridge ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sá 100 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 10 géérégé nínú ìdíje tó ga jù ní England. Kò sí ẹni tó tíì ṣe é rí nínú ìdíje náà. Ní 1887 ó tún padà wá, ó tún gbégbá orókè. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, ó gbá rọ́gíbì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù ní gbogbo England, gólì ni wọ́n ní kó máa ṣọ́! Ìgbà míràn wọ́n máa ń jẹ́ kó gbá apá, ṣùgbọ́n aṣọ́lé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ti ń ṣọ́ gólì nígbà náà yóò rí i pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Òfin gba atamátàsé láàyè láti kọ lu aṣọ́lé, ìbáà jẹ́ pé bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kò sí. Èjìká ni wọ́n fi ń gbá a wọ gólì pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Kò tíì sí àwọ̀n lára gólì. Ọdún 1891 ni àwọ̀n dé. Aṣọ́lé sì lè fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù níbikíbi ní ìdajì pápá tirẹ̀. Ọdún 1912 ni wọ́n tó há a mọ́ inú àpótí tí a mọ̀ lónìí.

Wharton ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó máa ń ká gúlútú sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó bí ológbò tó ń ṣọ́ eku, yóò dúró títí gbogbo ènìyàn á fi rò pé ó ti pẹ́ jù, ìgbà náà ni yóò fò jáde. Kì í sábà mú bọ́ọ̀lù mọ́ra, ẹ̀ṣẹ́ ló fi ń lù ú, nítorí ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mú, wọn yóò wó o. Ọkùnrin kan ní Sheffield kọ̀wé sí ìwé ìròyìn ní 1942, lẹ́yìn tí Wharton ti kú, pé òun fi ojú ara òun rí i nígbà tó fò di igi òkè gólì mú, tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há bọ́ọ̀lù, tí àwọn atamátàsé mẹ́ta tó ń sáré bọ̀ sì ṣubú wọ inú gólì láìsí bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wọn.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Ní 1887, òǹkọ̀wé kan nínú ìwé ìròyìn eré ìdárayá fi àwọ̀ dúdú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà nítorí bó ṣe ń dúró síbi òpó, bí ẹni pé orí òun kò gbé e tó láti mọ ibi tó yẹ kí aṣọ́lé dúró. Ẹgbẹ́ Preston North End ló ń ṣọ́ gólì fún nígbà náà, ní sáà tí wọ́n dé sẹmi-fáínàlì ife FA.

Orí kò wá bá a ṣe é. Ó fi Preston sílẹ̀ ní 1888 kí ó lè máa fi ẹsẹ̀ sáré gba owó. Sáà tó tẹ̀ lé e gan-an ni líìgì England bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ 12, tí Preston sì gba líìgì àti ife FA láìpàdánù eré líìgì kan ṣoṣo. Ní 1889 Wharton tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Rotherham Town láti máa gbá bọ́ọ̀lù bí iṣẹ́. Ó tún ń ṣe alábòójútó ilé ọtí ní ìlú kan náà, nítorí owó bọ́ọ̀lù nìkan kì í sábà tó ọkùnrin tó ní ìyàwó. Ó gbé Emma Lister níyàwó ní 1890. Ní 1894 ẹgbẹ́ Sheffield United mú un, ní oṣù kejì ọdún 1895 ó sì di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú ìpele kìíní líìgì England, wọ́n pàdé Sunderland. Ìgbà mélòó kan péré ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Foulke ló wà níwájú rẹ̀ ní gólì, ọkùnrin gíga fàkìàfakia tí ìwọ̀n rẹ̀ padà wá ju 120 kìlógíráàmù lọ. Wharton ti ń lọ sí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí wọ́n á mú.

Láti ìgbà náà lọ, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ó padà sí Rotherham, ó lọ sí Stalybridge Rovers, ó lọ sí Ashton North End, ẹgbẹ́ yẹn wọ gbèsè, ó tú ká ní 1899. Ó tún padà sí Stalybridge. Stockport County ló gbá fún kẹ́yìn, ní sáà 1901 sí 1902, ó ti lé ní ọdún 36. Ní 1901 yìí kan náà ni àwọn aláṣẹ fi òfin de owó agbábọ́ọ̀lù: kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn mẹ́rin lọ́sẹ̀, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó. Ọdún 1961 ni wọ́n fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀, nígbà tí iye náà ti di pọ́n-ùn 20. Ẹgbẹ́ sì lè di agbábọ́ọ̀lù mú lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ bá ti parí, kí wọ́n má fún un lówó, kí wọ́n má sì jẹ́ kó lọ sí ẹgbẹ́ míràn nínú líìgì. Ẹ̀yin tíṣà tó ń ráhùn nípa owó oṣù wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Inú ihò èdú ni Wharton wọ̀ lẹ́yìn náà. Ọkùnrin tí wọ́n rán láti Jamestown láti lọ kọ́ bí a ti ń wàásù, tó sáré níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú èdú àti òkùnkùn, ní Yorkshire Main ní abúlé Edlington lẹ́bàá Doncaster. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 1930. Wọ́n sin ín sí ibojì Edlington bí a ti ń sin tálákà, láìsí òkúta, láìsí orúkọ. Ọdún 67 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ kan ní Sheffield tí ń gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú bọ́ọ̀lù tó dá owó jọ, tí wọ́n fi gbé òkúta sí i ní 1997. Ní 2003 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ilé àwọn olókìkí bọ́ọ̀lù England. Ní 2014 wọ́n gbé ère rẹ̀ ró ní St George's Park, níbi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù England ti ń gbára dì. Ère náà ń fò, ọwọ́ rẹ̀ kan nà sókè sí bọ́ọ̀lù.

Orí òkúta kan tó kọjú sí òkun ni mo ti sọ gbogbo èyí fún Bàbá Gánà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé kò ní ará ni? Kí ló dé tí kò padà wálé?"

Mo ní ó ní ará, wọn kò sì tòṣì.

Wọ́n ní, "Ojú ló tì í." Wọ́n tún ní, "Nígbà tí wọ́n lé wa ní '69, ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Kumasi tí kò bá wa lọ. Ó sá wọ ìgbó kòkó. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn Gánà jù wá lọ. Ó ti kọ̀wé sílé pé òun ti kọ́ ilé alájà, kò sì kọ́ nǹkan kan." Bàbá kò sọ ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rẹ́ náà, èmi náà kò sì bi wọ́n.

Nínú mọ́tò nígbà tí mo ń padà bọ̀, Teṣlim Balógun ni mo ń rò. Ọmọ Èkó ni, atamátàsé ni, Thunder ni wọ́n ń pè é. Ó wà lára ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí England ní 1949, tí ọ̀pọ̀ wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby ní 5 sí 2 nínú eré àkọ́kọ́. Ní 1955 ó padà lọ, ó gbá fún Peterborough, ní 1956 ó wọ Queens Park Rangers, òun sì ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù líìgì níbẹ̀. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́ iṣẹ́ kóòṣì, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì kó ìwé náà wálé. Ó kọ́ àwọn ọmọ wa títí ó fi kú ní 1972. Pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè, òdìkejì pápá ìṣeré ti ìjọba àpapọ̀, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Nínú èmi, ìwé ẹ̀rí kóòṣì yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo góòlù rẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ kíláàsì mi á bú sẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo délé ni bàbá ọmọ náà ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ṣàlàyé ohun kan fún wọn tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Láti 2001 ni àjọ FIFA ti ní i lófin pé ẹgbẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ mú agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè míràn, àfi fún ìdí díẹ̀, bíi kí àwọn òbí ọmọ náà ti kó lọ síbẹ̀ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 16 tó ti Ọ̀rọ̀-Àgọ́ lọ kò sí lára wọn. Ẹgbẹ́ tó bá sì fẹ́ ọmọ kan ní tòótọ́, òun ni yóò kọ lẹ́tà, orúkọ ẹgbẹ́ náà yóò wà lórí rẹ̀, a ó sì lè bi wọ́n léèrè tààrà.

Bàbá pe ejẹ́ǹtì náà lórí fóònù lójú mi. Wọ́n ní kó fi lẹ́tà ẹgbẹ́ náà ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ san ìdajì owó, lẹ́tà yóò tẹ̀ lé e. Wọ́n béèrè orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ó ní àṣírí ni. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n sì wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀.

"Tíṣà, bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

Kò sí bí mo ṣe lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ọ̀nà tó bá ṣí sílẹ̀ fún ọmọ tálákà, irọ́ ni. Mo ní ọdún méjì ló kù kí ọmọ náà pé 18, kájú yóò so lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó di ìgbà náà, yóò sì ti ṣe ìdánwò WAEC rẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọn kò dúpẹ́. Wọn kò ta oko náà. Ọmọ wọn ní tirẹ̀ kò kí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bí ó bá sì rí mi lọ́nà, ó máa ń wo orí òkè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀kọ́ ìtàn bọ́ sí ọwọ́ mi, mo sì sọ ìtàn Wharton fún gbogbo kíláàsì: Jamestown, ìṣẹ́jú àáyá 10, igi òkè gólì, ihò èdú, òkúta tó dé lẹ́yìn ọdún 67. Wọ́n dákẹ́ ju bí wọ́n ti ń dákẹ́ fún ìtàn àwọn gómìnà lọ. Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, bákì mi na ọwọ́ láti ẹ̀yìn.

"Sà, ẹ ní wọ́n máa ń kọ lu aṣọ́lé bí kò tilẹ̀ sí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo wá ni àwọn bákì rẹ̀ wà?"

Mo ní bákì méjì péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lò nígbà náà, àwọn tó kù ti lọ síwájú.

"Méjì péré, sà?" Ó mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó tì í bí òun ì bá ti ṣe é.